Ìfẹ́ Etí Kòtò

Maṣíìnì ìránṣọ mi ló wà lórí itan mi lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èmi ni mo ń wá ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri. Maṣíìnì ló bàjẹ́. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe. Ó ní kí n wọlé síwájú típà, pé òun kàn máa da ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀ nù lójú ọ̀nà.

Àwókù ilé ni ẹrù ọ̀hún: àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, páànù tó ti dípẹtà, irin wíwọ́. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ti sọ fún un pé kòtò ńlá kan wà lẹ́yìn àwọn ilé kan, pé ibẹ̀ ni kó lọ dà á sí, kò sẹ́ni tó ni ín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o. "Kò sẹ́ni tó ni ín." Ohun tó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ etí kòtò, ó gbé ẹ̀yìn típà sókè, ẹrù ya lulẹ̀ gbàràgàdà. Eruku bo gbogbo ibẹ̀. Kí eruku tó rọlẹ̀, a gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ìsàlẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Kò pariwo o. Ohùn ẹ̀ balẹ̀ bíi ti olùkọ́ tó ti mọ ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ sílẹ̀, èmi náà yọrí lójú fèrèsé. Obìnrin kan ló dúró nísàlẹ̀ kòtò, ẹrẹ̀ dé orúnkún ẹ̀, ọkọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, eruku ti sọ gbogbo ara ẹ̀ di funfun. Lábẹ́ ẹrù tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, mo rí orí koríko tútù tó yọ díẹ̀díẹ̀ síta. Wọ́n tò tẹ̀ léra wọn bí ojú ìrán lára aṣọ. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ tí mo bá rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà. Ṣé ẹrù náà ò bà yín?"

"Kò bà mí. Koríko mi ló bà."

"Koríko?" Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Ọkàn ẹ̀ ló balẹ̀ tó fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò bọ́ sákòókò.

Obìnrin náà ti ọkọ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀. "Sọ̀kalẹ̀ wá kó o."

"Kí n kó kí ni?"

"Gbogbo ẹ̀."

Mo ní hẹ̀ẹ̀! Ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi lè wọlé sọ́kọ̀ kó sá lọ, kí ni obìnrin náà máa fi lé wa, ọkọ́? Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó wo obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló nawọ́, ó pa ẹ̀rọ ọkọ̀.

"Abẹ́rẹ́," ó ní, torí orúkọ tí gbogbo ilé ń pè mí nìyẹn, "máa ṣọ́ ọkọ̀."

Báyìí ni mo ṣe jókòó sínú típà látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú maṣíìnì lórí itan. Ẹ̀gbọ́n mi ń ru àfọ́kù búlọ́ọ̀kù gòkè, ó ń jù ú padà sẹ́yìn ọkọ̀. Obìnrin náà ń tún koríko ẹ̀ gbìn lẹ́yìn ẹ̀. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀, á bi í láì gbójú sókè pé, "Ó parí?"

Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ó kù díẹ̀."

Ọ̀sán pọ́n, "Ó kù díẹ̀." Oòrùn rọlẹ̀, "Ó kù díẹ̀." Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó gòkè lọ sínú ilé kan tó wà létí kòtò, ó gbé omi àti odidi búrẹ́dì kan jáde. Ó dúró tì í títí ó fi mu omi tán.

"O mọ irọ́ pa o," ó ní. "Ó kù díẹ̀ látàárọ̀!"

"Mà, tí mo bá ní ó kù púpọ̀, ẹ̀rù máa bà mí."

Lójú ọ̀nà ilé, ẹ̀gbọ́n mi kàn ń ya búrẹ́dì jẹ, ó ń wo títì bí ẹni tí wọ́n gbé nǹkan lé lọ́wọ́. Mo bi í bóyá ara ń ro ó. Ó ní rárá, pé òkúta ni òun ń rò, pé níbo lèèyàn ti lè rí òkúta tó dáa. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ! Maṣíìnì mi ò dé ọ̀dọ̀ alátùn-ún-ṣe lọ́jọ́ náà, kò tiẹ̀ dé ibẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

*

Ilé búrẹ́dì ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń po ìyẹ̀fun lóru, á bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, á sì wọ inú kòtò lọ. Oníkòtò ni àwọn èèyàn àdúgbò ń pè é. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dáhùn bí ẹni pé oyè ni.

Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun lè fo kòtò yẹn. Gọ́tà lásán ni. Igi pọ̀ létí ẹ̀. Àwọn kan gé igi, àwọn mìíràn wá ń wa iyanrìn, òjò wá rí ojú ọ̀nà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kó tó pẹ́, kòtò ti gbé ilé méjì mì pẹ̀lú ẹ̀wù táwọn onílé sá sórí okùn. Bàbá ẹ̀ kú, ó fi ilé tó wà létí kòtò gan-an sílẹ̀, òun nìkan ló sì ń gbé níbẹ̀.

"Àwọn ọkùnrin àdúgbò ńkọ́?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Iwájú ilé ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n ń wo títì. Kòtò ò sí lójú títì, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà. Àwa tá à ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé là ń rí i bó ṣe ń bọ̀."

Òótọ́ ni. Àwọn obìnrin ẹ̀yìnkùlé ló ń bá a ru òkúta. Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀, ìyàwó kanlékanlé wà níbẹ̀, ìyá àgbà kan tí ò lè tẹ̀ mọ́ náà wà níbẹ̀, ìjókòó ló ti ń ya koríko sí ìdì ìdì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé òkúta àkọ́kọ́ dé, gbogbo wọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Dẹ́rẹ́bà," Oníkòtò ní, "ta ló rán ẹ?"

"Koríko tí mo pa ló rán mi."

Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin náà. Ìyá Ìbejì ní, "Ọmọ yìí á ṣeé fẹ́ o!" Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ bí ẹni tó ń wo táyà.

Látìgbà náà, bó bá ti parí iṣẹ́ òòjọ́, ibẹ̀ ló ń lọ. Ọ̀gbẹ́ni tí kì í tẹ́ ibùsùn ara ẹ̀ ló wá mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ èèkàn ọparun. Èmi máa ń bá a lọ, ṣùgbọ́n etí kòtò ni mo máa ń dúró sí. Èmi kì í sọ̀kalẹ̀. Aṣọ oníbàárà ló máa ń wà lọ́rùn mi, mi ò lè fi ẹrẹ̀ kùn ún.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi to òkúta ga bí ògiri dí ojú omi pa. Ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó ń retí ìyìn.

Oníkòtò mi orí. "Tú u."

"Há à! Ó ti lágbára."

"Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Tó o bá dínà mọ́ omi pátápátá, á fi agbára wá ọ̀nà míì. Tò ó sílẹ̀ kékeré, jẹ́ kó máa kọjá. Ìwọ kàn sọ fún un pé kó rọra, kó gbé erùpẹ̀ tó jí kó sílẹ̀ fún ẹ kó tó lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi tú ògiri ẹ̀. Nígbà tá a délé, ó jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Abẹ́rẹ́, ká ní wọ́n fi gbogbo ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi, mo rò pé ǹ bá ti di èèyàn gidi."

Mo ní, "O fẹ́ràn ẹ̀."

Ó ní, "Ó ti kọjá bẹ́ẹ̀."

*

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀. Àárín kòtò ló ti sọ ọ́, ó di ìdì koríko mú lọ́wọ́ méjèèjì, bí ẹni pé ìyẹn ló fẹ́ fi ṣe ìdána. Oníkòtò gbọ́ ọ tán, ó bojú wo ilẹ̀.

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ," ó ní. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá relé ọkọ, Bàbá Kékeré máa ta ibí fún oníyanrìn. Òun ni olórí ẹbí wa. Ó ní ọmọbìnrin kì í jogún ilẹ̀, pé àlejò ni nílé bàbá ẹ̀. Torí pé mi ò tíì kúrò nílé ni ojú fi ń tì í láti tà á."

"Jẹ́ ká lọ bá a sọ̀rọ̀."

"O ò mọ̀ ọ́n ni."

A lọ. Màmá wa, ẹ̀gbọ́n mi, èmi, àti àbúrò ìyá wa ọkùnrin tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá Oníkòtò, gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó lérìn-ín lẹ́nu, ó sì fẹ́ràn àlejò. Bóyá ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

"Inú mi dùn," ó ní, "ẹrù méjì ló máa kúrò lọ́rùn mi lẹ́ẹ̀kan náà! Ẹ̀yin á mú ọmọ, oníyanrìn á mú kòtò. Ilẹ̀ tí ò lólówó àti obìnrin tí ò lọ́kọ, wàhálà kan náà ni wọ́n jẹ́."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Oníkòtò ń gbé omi tútù bọ̀ lórí àwo. Ó rọra gbé àwo náà sílẹ̀.

"Bàbá Kékeré, ẹ ti tà wá pọ̀ nìyẹn, èmi àti ilẹ̀. Èwo nínú wa lẹ bi léèrè?"

"Ta ló ń bi ilẹ̀ ní ìbéèrè? Ilẹ̀ lẹ́nu ni?"

"Ó lẹ́nu, sà. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ilé méjì tó gbé mì."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wa. Ó kúnlẹ̀, ó bu omi fún màmá wa, torí pé ó lẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi níwájú gbogbo ẹbí.

"Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lọ sílé ọkọ kankan. Tí mo bá lọ, kòtò á mú ilé Ìyá Ìbejì ní òjò méjì sí i. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo mọ bó ṣe ń rìn. Mi ò lè máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ kí n máa gbọ́ òjò."

Nígbà tá a dójú títì, màmá wa tún gèlè ẹ̀ wé dáadáa. "Ẹ ṣeun, a ti rí i. Ọmọbìnrin tó ń bá àgbà fa ọ̀rọ̀ lójú àlejò! Àti torí ihò! Ọmọ mi, obìnrin pọ̀ nígboro o."

Mo rí omi lójú ẹ̀gbọ́n mi, mo wo ibòmíì.

*

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Kí n sọ ìyẹn ṣáájú.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mo bá a lórí àpótí, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Mo bi í pé ọkọ̀ dà. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn.

"Mo ti tà á. Mo lọ bá Bàbá Kékeré kí oníyanrìn tó débẹ̀. Mo ti ra kòtò."

Mo pariwo, mo dì mọ́ ọn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo ní a gbọ́dọ̀ lọ sọ fún Oníkòtò kíá. Bá a ṣe ń lọ, ṣe lèmi ń rán aṣọ ìyàwó lọ́kàn mi.

Oníkòtò wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, ó na ìwé náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ìfẹ́ mi, ó parí. Mo rà á fún ẹ."

Oníkòtò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ka ìwé náà, ó tún un kà.

"Orúkọ ta ló wà níbí?"

"Orúkọ mi ni. Ṣùgbọ́n kí ló fi yàtọ̀? Tó o bá ti di ìyàwó mi..."

"Tí mi ò bá di ìyàwó ẹ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ họ orí.

"Wàá tà á?"

"Mi ò lè tà á láé! Ìwọ náà mọ̀ mí."

"Mo mọ̀ ẹ́. Mo mọ bàbá mi náà, kò lè tà á láé. Ó kú." Ó fi ìka kan ìwé náà. "Bàbá Kékeré fẹ́ ta ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Ìwọ wá rà á mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin méjèèjì jókòó, ẹ fi ọwọ́ gba ọwọ́, èmi wà níbí pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó pè mí."

"Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é!"

"Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, Dẹ́rẹ́bà. Tó bá jẹ́ ìkà ni, kò ní dùn mí báyìí."

Ó dá ìwé náà padà fún un, ó mú ọkọ́ ẹ̀. Àwọn obìnrin tó kù wo ilẹ̀. Ìyá Ìbejì tó máa ń yẹ́ ẹ̀gbọ́n mi sí ò kí i pé ó dàbọ̀.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ẹ má tan ara yín. Mo ní irú ìgbéraga wo nìyí? Ọkùnrin ta ọkọ̀ tó fi ń jẹun nítorí ẹ! Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi.

*

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti di ẹlẹ́sẹ̀ ń bá ẹlòmíì wa ọkọ̀, á dé, á dojú kọ ògiri. Màmá wa ò sinmi ẹnu. "Ọmọ mi ta típà ra ihò! Ẹ wá gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé! Ihò náà ò tún gbà á!"

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, títí kan ohun tí Oníkòtò sọ pé kò sẹ́ni tó pe òun. Màmá wa ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ ẹ̀ dúró.

"Ọsàn mi," ó ní.

A ò mọ ohun tó ń sọ.

"Kí n tó bí ẹ, Abẹ́rẹ́. Èmi ni mo gbin ọsàn sẹ́yìn ilé bàbá yín. Mo fi oyún pọn omi sí i. Bàbá yín kú, àwọn àbúrò ẹ̀ kó gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn ni. Mo dúró lẹ́yìn ọgbà, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ká a. Ọ̀kan nínú wọn ṣe mí lóore, ó ju méjì sí mi. Ó ní, 'Ìyàwó wa, gba tìẹ.'" Ó da ẹ̀wà ọwọ́ ẹ̀ sínú àwo. "Títí dòní mi ò lè jẹ ọsàn."

Tòótọ́ ni. A rò pé inú ẹ̀ ni kò gbà á.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. "Màmá, kí ni kí n ṣe?"

"Èmi ni wàá bi? Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí! Lọ bi ẹni tó ni ín."

Ó lọ lọ́jọ́ kejì nínú òjò. Mo tẹ̀ lé e, mo dúró létí kòtò lábẹ́ agboòrùn. Àgbàrá ń sáré kọjá nísàlẹ̀, ó pupa bí amọ̀. Òun àti Oníkòtò dúró sí ìhà méjì omi, wọ́n ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ra.

"Mo wá béèrè ni!" ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ohun tó yẹ kí n béèrè lọ́jọ́sí. Kí lo fẹ́ kí n ṣe sí ilẹ̀ yìí?"

Oníkòtò na ọkọ́ ẹ̀ sí ọ̀nà àwọn ẹ̀yìnkùlé. "Kì í ṣe tèmi nìkan! Pe Ìyá Ìbejì!"

Wọ́n pe Ìyá Ìbejì, wọ́n pe gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ náà gbà wọ́n tó ọjọ́ bíi mélòó kan, ariwo pọ̀, torí pé àwọn obìnrin náà mọ ìjà jà láàárín ara wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò: orúkọ gbogbo obìnrin tí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ kan kòtò ló máa wọ ìwé, ẹnì kan ò sì lè dá tà á. Ìyá àgbà tí ò lè tẹ̀ mọ́ ló kọ́kọ́ tẹ̀ka.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, Oníkòtò wo ẹ̀gbọ́n mi. "Orúkọ ẹ ò sí níbẹ̀. Ṣé kò dùn ẹ́?"

"Mi ò fẹ́ kí orúkọ mi wà níbẹ̀. Kí ọkọ́ mi ṣáà ti wà níbẹ̀."

Oníkòtò fi ọwọ́ tó kún fún ẹrẹ̀ bo ojú, ó sunkún. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Èmi létí kòtò, mo sunkún sára aṣọ oníbàárà.

*

Òun fúnra ẹ̀ ló wá sílé wa. Ó mú búrẹ́dì gbígbóná dání, ó kúnlẹ̀ fún màmá wa.

"Màmá, mo wá tọrọ ọmọ yín."

Màmá wa la ẹnu, ó pa á dé. "Wọ́n ṣe é rí?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ilé bàbá mi ṣófo, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbé ilé wá síbí. Bàbá Kékeré ò tiẹ̀ béèrè ẹ̀, ó ní kòtò máa gbé e mì. Tí Dẹ́rẹ́bà bá gbà kó wá bá mi gbé, mo máa tọ́jú ẹ̀."

"Kí ọmọ mi lọ ṣe ìyàwó nílé obìnrin!"

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nínú yàrá. Màmá wa gbọ́ ìró àpótí, ó wo Oníkòtò, ló bá bú sẹ́rìn-ín tí ò lè dá dúró. "Ẹ ò rí mi lónìí! Wọ́n ti fẹ́ ọmọ mi lọ o!"

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ránpẹ́. Èmi ni mo rán aṣọ ìyàwó, mo gé e kúrú díẹ̀ nísàlẹ̀ torí mo mọ ibi tó ń gbé. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kó lọ, ẹrù wà lórí ẹ̀ torí pé kò ní ọkọ̀ mọ́. Àwọn èèyàn jókòó síwájú ilé, wọ́n ń fi í ṣe ẹ̀sín pé ìyàwó tuntun ń bọ̀. Ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹrù wúwo!" Màmá wa rìn lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ igi ọsàn kan nínú ike. Ó gbìn ín sí etí kòtò. Ó bi àwọn obìnrin pé ta ló máa ká a. Wọ́n ní òun ni. Kó tó kú, ó jẹ nínú ẹ̀.

*

Ó ti pẹ́ gan-an. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ti ní ọmọ. Ilé Ìyá Ìbejì ṣì dúró. Àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un, àwọn onílé yẹn ò sì gbà. Téèyàn bá dúró létí kòtò báyìí, orí igi ló máa rí, ẹyẹ á sì máa pariwo mọ́ ọn.

Ìwà kan wà tí àwọn méjèèjì máa ń hù. Bí òjò àkọ́kọ́ ọdún bá ti dá, wọ́n á jọ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á fi ọwọ́ bu omi tó ń ṣàn, á tẹjú mọ́ ọn.

Ìyàwó ẹ̀ á bi í pé, "Dẹ́rẹ́bà mi, ó ti mọ́?"

Á ní, "Ó kù díẹ̀."

Ọdọọdún. Omi pupa bí amọ̀, "Ó kù díẹ̀." Omi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀, "Ó kù díẹ̀." Orí wọn méjèèjì funfun, "Ó kù díẹ̀." Ìyàwó á ní, "Ọkùnrin yìí, o ò fẹ́ kó parí ni," á gbá a lẹ́yìn, wọ́n á di ara wọn mú gòkè. Èmi máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti etí kòtò tí mo dúró sí.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn òjò, ẹ̀gbọ́n mi sùn, kò jí mọ́.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí bá mi nílé wọn. Mo gbé aṣọ lọ fún Oníkòtò ni. Bí òjò ṣe dá, Oníkòtò dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo tẹ̀ lé e dé etí kòtò, mo dúró síbi tí mo máa ń dúró sí. Mò ń wo bó ṣe ń di igi mú sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè wò mí.

"Abẹ́rẹ́. Sọ̀kalẹ̀ wá."

Bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi, aṣọ tuntun sì wà lọ́rùn mi. Mo bọ́ bàtà. Mo fi ìdí wọ́ níbì kan, mo di gbòǹgbò mú níbòmíì, mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó tẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bu omi. Ó gbé e sókè síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ò sí níbí," ó ní. "Ìwọ ni kó o bá mi wò ó. Ó ti mọ́?"

Mo wò ó. Mo rí gbogbo ilà àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ nísàlẹ̀ omi, títí kan ojú àpá tí òkúta ṣe sí i. Kò sí èérí kankan nínú ẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ojú ẹ̀ bó ṣe ń dúró dè mí.

"Ó kù díẹ̀," mo ní.

Oníkòtò rẹ́rìn-ín títí omi fi jò tán lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì sunkún díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sẹ́yìn igi kan, ó mú ọkọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.